Iké orí ìrù: kí ló dé tí γ tí kóòdù PIC ń fún mi kò bá ti fọ́múlà mu?

Akẹ́kọ̀ọ́Plásímà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Kóòdù PIC oníhà kan ni mo ń lò (irú èyí tó ń fi hóró ṣojú àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù, tó sì ń ṣírò pápá lórí àwọ̀n), mo fi Python kọ ọ́. Kò sí òòfà nínú rẹ̀, pápá iná nìkan ni. Mo fẹ́ wo bí ìgbì Langmuir (ìmì àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù nínú plásímà, ìyẹn gáàsì tí ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù rẹ̀ ti já kúrò lára áyọ́ọ̀nù) ṣe ń dàgbà nígbà tí ìpínká ìyára àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù bá yọ iké lórí ìrù, ìyẹn níbi àwọn tó ń sáré jù.

Gbogbo ìwọ̀n mi, gígùn Debye (ibi tí agbára ṣáàjì kan ń dé kí àwọn yòókù tó bò ó mọ́lẹ̀) ni mo fi wọ̀n ọ́n, ω_p (ìyára tí plásímà fi ń mì) sì jẹ́ 1. Nítorí náà ìyára ìgbóná àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù inú agbo ńlá (àwọn tí kò sí nínú ọ̀wọ́ tó ń sáré) jẹ́ 1. Ọ̀wọ́ tó ń sáré jẹ́ ìdá 1 nínú 100 gbogbo ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù (η = 0.01), ìyára rẹ̀ v_b = 6, fífẹ̀ rẹ̀ σ_b = 1. Àpótí náà gùn tó L = 128, ó ní ojú àwọ̀n 256, nítorí náà Δx = 0.5. Hóró 100 ló wà nínú ojú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ní ìwúwo kan náà. Δt = 0.1. Àwọn áyọ́ọ̀nù kò mì, wọ́n kàn wà lẹ́yìn láti mú ṣáàjì dọ́gba. FFT (ìṣirò tó ń tú nǹkan sí àwọn ìgbì inú rẹ̀) ni mo fi ń yanjú ìdọ́gba Poisson, èyí tó ń fi ṣáàjì wá pápá.

Ìgbì kẹrin nínú àpótí ni mo ń ṣọ́, k = 2π × 4/128 = 0.196. Mo lo fọ́múlà tó wà nínú ìwé gbogbo:

γ = (π/2)(ω_p³/k²) f′(ω/k)

Níbẹ̀, γ ni ìyára tí ìgbì fi ń dàgbà, f′ ni ìdagẹ̀rẹ́ ìpínká ìyára, ω/k sì ni ìyára ojú ìgbì. Ó fún mi ní 0.083. Àmọ́ nígbà tí mo fa ìlà tààrà sórí log agbára pápá, 0.03 ló bọ́ sí lónìí, 0.07 lọ́la. Tí mo bá ti yí nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣẹ́ kèké padà, γ náà yí padà. Kò fìgbà kan dé 0.083. Mo ti yẹ Poisson wò pẹ̀lú ìgbì sáìnì tí mo mọ ìdáhùn rẹ̀, ó pé. Níbo ni àléébù wà?

---

Ìyá_Fọ́múlà

Àléébù méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan wà nínú kóòdù, ìkejì wà nínú fọ́múlà fúnra rẹ̀. Ti fọ́múlà ni mo máa mú, torí òun ló ń tan ọ̀pọ̀ jẹ.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tó ti wá. Ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù tó yára ju ojú ìgbì lọ díẹ̀ máa ń ti ìgbì síwájú, ó sì ń pàdánù agbára fún un. Èyí tó lọ́ra jù ú lọ díẹ̀, ìgbì ló ń fà á, ìgbì ló sì ń ná agbára lé e lórí. Tí àwọn tó yára bá pọ̀ ju àwọn tó lọ́ra lọ níbi v = ω/k, ìyẹn tí ìpínká bá ń gòkè níbẹ̀ dípò kó máa sọ̀, ìgbì á jèrè. Ohun tí Landau ṣírò ní 1946 nìyẹn. Ìgbà tí ìdagẹ̀rẹ́ náà bá ń sọ̀ ni ìgbì ń kú, ìgbà tó bá ń gòkè ni ìgbì ń dàgbà.

Fọ́múlà yín ń wo ìdagẹ̀rẹ́ ojú kan ṣoṣo, v = ω/k gan-an. Ìyẹn dára tí γ bá kéré. Ṣùgbọ́n ìgbì tó ń dàgbà kíákíá kì í dúró lórí ìyára kan; àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù tí ìyára wọn wà láàárín nǹkan bí γ/k sí òsì àti sí ọ̀tún ló ń bá a ṣe pọ̀. Ẹ fi nọ́ńbà yín sí i: 0.083/0.196 ≈ 0.42. Fífẹ̀ iké yín sì jẹ́ 1. Ìgbì yín kò rí ìdagẹ̀rẹ́ ojú kan mọ́, ó ń rí nǹkan bí ìdajì gbogbo iké náà, apá tó ń gòkè àti apá orí tó ti tẹ́. Dandan ni kí γ wálẹ̀.

Ọ̀nà tí a fi ń tètè mọ̀: ẹ ṣírò (η)^(1/3) × v_b/σ_b. Tó bá kéré gan-an sí 1, fọ́múlà yẹn ṣeé gbọ́kàn lé. Tiyín jẹ́ 0.215 × 6 ≈ 1.3. Ẹ ti wà ní ààlà, níbi tí iké ti ń di ọ̀wọ́ tútù (tí gbogbo rẹ̀ ń sáré ní ìyára kan), tí ìṣirò ọ̀wọ́ tútù náà kò sì tíì bá a mu. Kò sí fọ́múlà kúkúrú fún ibẹ̀. Ìdọ́gba tó pé ni kí ẹ yanjú:

```
import numpy as np
from scipy.special import wofz
from scipy.optimize import newton

eta, vb, s = 0.01, 6.0, 1.0
Z  = lambda z: 1j*np.sqrt(np.pi)*wofz(z)
Zp = lambda z: -2*(1 + z*Z(z))

def D(w, k):
    a = (1-eta)/(2*k*k) * Zp(w/(np.sqrt(2)*k))
    b = eta/(2*k*k*s*s) * Zp((w - k*vb)/(np.sqrt(2)*k*s))
    return 1 - a - b

w = newton(D, 1.02+0.05j, args=(0.196,))
```

Fún k = 0.196, ẹ máa rí ω tó sún mọ́ 1.0, àti γ tó tó nǹkan bí 0.055. Fún k = 0.213, ó tó 0.054. Orí òkè náà tẹ́ pẹrẹsẹ níbẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe ìyọnu lórí bóyá k yín bọ́ sí góńgó gan-an. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí fọ́múlà sọ ni òtítọ́.

Ẹ kíyè sí nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, √2 inú ζ, ìyẹn ohun tí a fi sínú `Zp`. Àwọn ìwé kan pe √(2T/m) ní ìyára ìgbóná, àwọn mìíràn pe √(T/m). Tí ẹ bá ń fi `normal(0, 1)` ti numpy da àwọn hóró, √(T/m) ni ẹ ń lò, √2 yẹn sì gbọ́dọ̀ wà. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ máa gba iké tí fífẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti inú kóòdù, ìdagẹ̀rẹ́ rẹ̀ á sì fi ìlọ́po méjì yàtọ̀. Ìkejì, ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ `newton` ṣe pàtàkì. Gbòǹgbò pọ̀ nínú ìdọ́gba yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní γ tó wà lábẹ́ òdo. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó jìnnà, ó lè lọ bá èyí tó ń kú, ẹ ó sì rò pé plásímà yín kò ní ìgbì tó ń dàgbà. Ẹ ṣírò láti k kan sí èkejì, kí ìdáhùn k tó ṣáájú jẹ́ ibi ìbẹ̀rẹ̀ fún èyí tó kàn.

---

OjúÀwọ̀n

Ìyá ti parí ti fọ́múlà. Ó ku kóòdù.

Àbúrò, ka iye hóró tó wà nínú ọ̀wọ́ rẹ. 256 × 100 = 25,600. Ìdá 1 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ 256. Hóró 256 péré ló ń gbé gbogbo fisíìsì tí o fẹ́ wò! Ìgbì kẹrin gùn tó 32, nítorí náà hóró ọ̀wọ́ 64 ló bọ́ sínú ìgbì kan. Ariwo hóró 64 jẹ́ 1/√64 = 1/8, ìyẹn nǹkan bí ìdá 12 nínú 100. Abájọ tí γ fi ń yí padà bí o bá ti yí kèké.

Ariwo agbo ńlá tún wà. Ní ìwọ̀n tí o lò, hóró kọ̀ọ̀kan ní ìwúwo L/N = 128/25,600 = 0.005, ìgbóná rẹ̀ náà sì jẹ́ 0.005. Ìgbì kọ̀ọ̀kan nínú àpótí á gba nǹkan bí iye yẹn gẹ́gẹ́ bí agbára ìgbóná, láìsí iké rárá. Agbára ìgbì tí gíga rẹ̀ jẹ́ E nínú àpótí náà ni E²L/4. Ṣe ìṣirò rẹ̀: E ariwo ≈ 0.012.

Wàyí o, ibo ni ìgbì máa dúró? Ó máa dúró nígbà tí kòtò rẹ̀ bá jin débi tó fi dẹkùn mú àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù tó ń fún un lágbára, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí yí gbirigbiri nínú kòtò náà. Ìyára yíyí yẹn ni ω_B = √(kE), ìgbì sì máa ń kún nígbà tí ω_B bá tó nǹkan bí 3.2 γ. Pẹ̀lú γ = 0.055 àti k ≈ 0.2, E ìkún ≈ 0.15.

Láti 0.012 dé 0.15 kò ju ìlọ́po 13 lọ. Log rẹ̀ jẹ́ 2.5. Ìyẹn ni pé ìgbì náà kò ní dàgbà ju ìlọ́po e méjì ààbọ̀ lọ kó tó kún, láàárín àkókò tí kò ju 46 lọ. Nínú ìwọ̀nba àkókò yẹn, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ariwo, ìparí rẹ̀ ti ń tẹ̀. Orí kí lo wá fẹ́ fa ìlà tààrà sí?

Ohun tí mo máa ṣe nìyí, bí ó ṣe yẹ kó tẹ̀lé ara rẹ̀.

Má ṣe fún gbogbo hóró ní ìwúwo kan náà. Fún ọ̀wọ́ ní hóró 200,000, agbo ńlá ní 2,000,000. Ìwúwo hóró ọ̀wọ́ á jẹ́ 128 × 0.01/200,000 = 6.4 × 10⁻⁶, ti agbo ńlá á jẹ́ 128 × 0.99/2,000,000 = 6.3 × 10⁻⁵. Nígbà tí o bá ń kó ṣáàjì sórí àwọ̀n, ìwúwo kọ̀ọ̀kan ni kí o fi sọ ọ́ di púpọ̀; nígbà tí o bá ń sún hóró, q/m ni, ìwúwo kò sí níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú: wọ́n á fi ìwúwo sí ìsáré náà, ọ̀wọ́ á wá máa ṣe bíi pé ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù yòókù.

Ìyẹn máa mú ariwo wá sí 0.0014, log ìyàtọ̀ á tó 4.7. Ó ti ṣeé wọ̀n. Ṣùgbọ́n ariwo ń lọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí 1/√N nìkan, owó rẹ̀ sì ń gòkè gẹ́gẹ́ bí N. Ọ̀nà tó dín owó kù ni kí o má fi kèké da hóró rárá. Lo nọ́ńbà van der Corput (àwọn nọ́ńbà tó tò lọ́gbọọgba láìsí kèké): ìpìlẹ̀ 2 fún ìyára, ìpìlẹ̀ 3 fún ibi tí hóró wà, kí o sì fi `ndtri` ti scipy sọ wọ́n di ìyára tó tẹ̀lé ìpínká Maxwell. Má lo ìpìlẹ̀ kan náà fún méjèèjì, wọ́n á so mọ́ ara wọn, wàá rí ìlà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nínú àwòrán x–v kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Má sì ṣe da irú àkójọ ìyára kan náà sínú gbogbo ojú àwọ̀n. Ìyẹn ń dọ́gbọ́n sọ agbo ńlá di ọ̀pọ̀ ọ̀wọ́ tútù tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àwọn ọ̀wọ́ yẹn sì ní ìgbì tiwọn tí wọ́n ń bí.

Ìdànù ìdákẹ́jẹ́ yẹn, tí kò lo kèké, kò ní ìgbì kankan nínú, nítorí náà ìwọ ni kí o gbin irúgbìn. Sún hóró agbo ńlá: x → x + a cos(kx), k = 0.196, a = 0.001. Ní ìwọ̀n tí o ń lò, bí o bá sún wọn ní a, E tí o máa rí jẹ́ a gan-an, ìṣirò kò le. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ibi tí wọ́n wà nìkan lo sún, ìdajì rẹ̀ á máa lọ síwájú, ìdajì á máa lọ sẹ́yìn. Èyí tó ń lọ sẹ́yìn kì í tètè kú ní k yìí, torí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù kankan ní v = −5. Àwọn méjèèjì á máa kọlu ara wọn, |E₄| (gíga pápá ìgbì kẹrin) á máa jó sókè sódò. Fi v → v + aω sin(kx) kún un pẹ̀lú ω ≈ 1, èyí tó ń lọ síwájú nìkan ló máa kù, tàbí kó kù díẹ̀.

Lẹ́yìn náà, Δt. Ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù tó wà lójú ìrù ọ̀wọ́ ń sáré ní nǹkan bí 9. Ní Δt = 0.1 ó ń fo 0.9, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojú àwọ̀n méjì lẹ́ẹ̀kan. Kóòdù kò ní bú, ṣùgbọ́n hóró náà ń fo pápá tó yẹ kó rí. Mú un wá sí 0.05.

Àti pé má fa ìlà sórí agbára gbogbo pápá. Ariwo gbogbo àwọn ìgbì tí kò dàgbà wà nínú rẹ̀. Mú FFT ti E, yọ ìgbì kẹrin nìkan, ya log|E₄|. Ìdagẹ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́ γ. Tó bá jẹ́ |E₄|² lo yà, 2γ ni, pín in sí méjì. Bẹ̀rẹ̀ ìlà láti ibi tó ti kọjá ìlọ́po 3 ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, parí rẹ̀ ní ìdá mẹ́ta ìkún.

---

Akẹ́kọ̀ọ́Plásímà

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin méjèèjì. `newton` ti fún mi ní iye tí Ìyá sọ. Mo ń tún ìdànù hóró ṣe lọ́wọ́.

Ìbéèrè kékeré méjì. Tí mo bá fẹ́ kí fọ́múlà kúkúrú bá kóòdù mu, ṣé kí n kàn dín η kù sí 0.001? Èkejì: mo gbìyànjú v_b = 4 pẹ̀lú σ_b = 1, kò sí ohun tó dàgbà rárá. Ṣé ariwo náà nìyẹn, àbí nǹkan mìíràn?

---

Ìyá_Fọ́múlà

Ti v_b = 4, ariwo kọ́. Kò sí iké níbẹ̀ ni. Ẹ ya gbogbo ìpínká náà, ẹ máa rí èjìká, ẹ ò ní rí iké. Ẹ mú v = 3.7: ìdagẹ̀rẹ́ agbo ńlá níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bí −0.0016, ti ọ̀wọ́ jẹ́ +0.0011. Àpapọ̀ wọn ṣì ń sọ̀. Ẹ wá sí òsì, agbo ńlá ń sọ̀ kíákíá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lọ sí ọ̀tún, ọ̀wọ́ ti dé orí òkè rẹ̀, ìdagẹ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń di òdo. Kò sí ojú kankan tí àpapọ̀ ti gòkè, ìpínká olórí kan ṣoṣo kì í sì í bí ìgbì, bó ti wù kó wọ́. Ẹ dín σ_b kù sí 0.5, ẹ ó rí i pé ní v = 3.5 ti ọ̀wọ́ ti di +0.0097 lójú −0.0030 ti agbo ńlá, ìgbì á wá.

Kí ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé iké nìkan kò tó láti fi ṣèdájọ́. Ohun tí Penrose fi hàn ní 1960 ni pé ẹ gbọ́dọ̀ mú v₀ níbi kòtò tó wà láàárín orí méjèèjì, kí ẹ ṣírò àròpọ̀ (f(v) − f(v₀))/(v − v₀)² lórí gbogbo v. Tó bá ju òdo lọ, ìgbì wà. Tí kò bá jù ú lọ, kò sí. Fún àwọn ìpínká tí agbo ńlá ti pọ̀ ju ọ̀wọ́ lọ báyìí, ó sábà máa ń ju òdo lọ bí kòtò bá ti wà, ṣùgbọ́n fún ọ̀wọ́ méjì tó dọ́gba tí wọ́n sì gbóná, ẹ máa rí kòtò tó hàn gbangba tí ìgbì kò sì sí.

Lórí η = 0.001: lóòótọ́, fọ́múlà á wá sún mọ́ ọn, ìyàtọ̀ á wálẹ̀ sí ìdá 10 sí 15 nínú 100. Díẹ̀ nínú ìyẹn kò ní lọ torí fọ́múlà yín fi ìgbóná agbo ńlá sílẹ̀ nígbà tó ń ṣírò bí ε (ìdáhùn plásímà sí pápá, òun ni `D` inú kóòdù mi) ṣe ń yí padà pẹ̀lú ω. Ṣùgbọ́n ẹ bi OjúÀwọ̀n léèrè kí ẹ tó ṣe é.

---

OjúÀwọ̀n

Ẹ gbọ́ tèmi báyìí. Pẹ̀lú η = 0.001, γ á wà ní nǹkan bí 0.0073. E ìkún = (3.2 × 0.0073)²/0.2 ≈ 0.0027. Ariwo ìdànù rẹ àtijọ́ jẹ́ 0.012. Ìgbì á kún, á dẹkùn mú ọ̀wọ́ rẹ̀, á parí iṣẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀ ariwo, ìwọ kò ní rí nǹkan kan. Pẹ̀lú hóró mílíọ̀nù méjì tí mo sọ, ariwo jẹ́ 0.0014, wàá rí ìlọ́po méjì péré. Ìdánwò yẹn kì í ṣe ti PIC oníkèké. Tó bá jẹ́ dandan, ìdànù ìdákẹ́jẹ́ pẹ̀lú a = 0.0001 ni, kí o sì mọ̀ pé ó máa gba àkókò bíi 450 kó tó kún.

Tàbí kí o fi PIC sílẹ̀, kí o lo ìdọ́gba Vlasov (èyí tó ń sún ìpínká f fúnra rẹ̀ dípò hóró) lórí àwọ̀n x–v, irú èyí tí Cheng àti Knorr ṣe ní 1976: sún ní x fún ìdajì Δt, sún ní v fún Δt, sún ní x fún ìdajì tó kù. Kò ní ariwo rárá. Ohun tó ní ni àtúnbọ̀: àwọ̀n v ní ojú Δv, gbogbo ohun tó ti fọ́nká á sì tún kó jọ ní T = 2π/(kΔv) bíi pé ìgbì jí dìde. Láti −12 dé 12 pẹ̀lú ojú 512, Δv = 0.047, T ≈ 670 fún k = 0.2. Ó tó fún 450 yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lo ojú 128 máa rí T ≈ 168, á sì máa ṣàlàyé ìgbì tí àwọ̀n rẹ̀ fúnra rẹ̀ bí.

---

Amúnáṣàn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu sí i. Kò sí ẹni tó mẹ́nu ba ìṣàn iná. Ọ̀wọ́ náà ń gbé ìṣàn ηv_b = 0.06 lọ sápá kan. Ẹni tó ń yanjú Poisson pẹ̀lú àpótí tó yí po (ohun tó bá jáde lápá kan á wọlé lápá kejì) kò ní rí i, torí pé ó sọ k = 0 di òdo nínú FFT. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yí kóòdù rẹ̀ sí ìdọ́gba Ampère, tó ń fi ìṣàn iná J sún E síwájú, á rí i pé gbogbo àpótí bẹ̀rẹ̀ sí mì pọ̀ ní ω_p, gíga rẹ̀ á tó 0.06. Ìyẹn ju irúgbìn 0.001 yín lọ ní ìlọ́po 60. Ẹ fún agbo ńlá ní ìyára −ηv_b/(1−η) = −0.0606 láti ìbẹ̀rẹ̀, àròpọ̀ ìṣàn á di òdo. Kó sì wà nínú `D` náà: w/k á di w/k + 0.0606 fún apá agbo ńlá. Tàbí kẹ̀, ẹ yọ àròpin J kúrò ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà kejì yẹn rọrùn, àmọ́ mi ò fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, torí ó máa ń bo àṣìṣe ìkójọ ṣáàjì mọ́lẹ̀.

Ẹ tún yẹ agbára wò. Ní ìkún, agbára pápá ìgbì yín jẹ́ 128 × 0.15²/4 ≈ 0.7. Àpapọ̀ agbára ìsáré gbogbo hóró tó nǹkan bí 87. Pápá kò pé ìdá 1 nínú 100 rẹ̀. Nítorí náà tí ẹ bá rí «àṣìṣe agbára ìdá 0.5 nínú 100», tí ẹ sì ní ó dára, àṣìṣe yẹn ju ìdajì gbogbo ohun tí ẹ ń wọ̀n lọ. Ó gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ìdá 0.05.

Ìbéèrè kan: ṣé irú ìgbì yìí náà ni wọ́n ń sọ pé ó wà lókè wa níbí, nínú ìṣàn iná ojú ọ̀run tó ń gba àríwá Nàìjíríà kọjá?

---

Ìyá_Fọ́múlà

Rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹbí ni wọ́n. Èyí tó wà ní nǹkan bí kìlómítà 105 lókè ilẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà agbedeméjì òòfà ayé tí Ilorin kò jìnnà sí, ti Farley àti Buneman ni. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ ní 1963. Níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ń kọlu áyọ́ọ̀nù débi tí òòfà kò fi lè darí wọn, àmọ́ àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù ṣì ń tẹ̀lé òòfà, gbogbo wọn sì ń sún lọ pọ̀. Tí ìyára ìsún yẹn bá ju ìyára ìró inú plásímà náà lọ, nǹkan bí mítà 360 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbì á dìde. Ìsún gbogbo agbo lójú áyọ́ọ̀nù ló ń bí i, iké kankan kò sí nínú rẹ̀, kóòdù oníhà kan tí kò ní òòfà kò sì lè rí i láéláé.

Ibi tí iké orí ìrù gan-an wà ni ojú sánmà oòrùn. Nígbà tí oòrùn bá bú, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù tó ń sáré ní ìdá 1 sí 3 nínú 10 ìyára ìmọ́lẹ̀ á ṣíwájú àwọn tó lọ́ra, iké á yọ ní gbogbo ibi tí wọ́n bá dé, ìgbì Langmuir á dìde, díẹ̀ nínú rẹ̀ á sì yí padà di ìgbì rédíò. Ginzburg àti Zheleznyakov ló dá a lábàá ní 1958. Sturrock wá béèrè ní 1964 pé: pẹ̀lú γ tó tóbi báyìí, ṣebí ó yẹ kí ọ̀wọ́ náà ti ná gbogbo agbára rẹ̀ tán lẹ́bàá oòrùn, báwo ló ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa? Gurnett àti Anderson sì fi ọkọ̀ ìwádìí Helios tó ń yí oòrùn po rí ìgbì Langmuir náà fúnra rẹ̀, wọ́n kéde rẹ̀ ní 1976.

---

Akẹ́kọ̀ọ́Plásímà

Ìdáhùn sí ìbéèrè Sturrock yẹn ni mo fẹ́ gbọ́. Ṣé kóòdù mi lè fi hàn? Mo ti rí i nínú àwòrán x–v pé lẹ́yìn ìkún, ojú yíyí ńlá ńlá ló kù, kì í ṣe ilẹ̀ pẹrẹsẹ (ìpínká tó ti tẹ́ níbi iké) tí ìwé ń yà.

---

OjúÀwọ̀n

Ojú yíyí yẹn tọ̀nà fún àpótí rẹ. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ inú ìwé, ti ìṣirò tí Vedenov, Velikhov àti Sagdeev ṣe, tí Drummond àti Pines náà sì ṣe ní 1962, fẹ́ kí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tí ìkankan kò jọba. Nínú àpótí 128, ìgbì kẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún nìkan ló ń dàgbà dáadáa. Àlàfo ìyára láàárín ìkẹrin àti ìkarùn-ún tó nǹkan bí 0.7, ìdajì fífẹ̀ kòtò ìgbì kan sì jẹ́ 2√(E/k) ≈ 1.7. Àwọn kòtò ti gun orí ara wọn, ṣùgbọ́n ìgbì mẹ́ta kò lè fọ́n ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù ká bíi pé kèké ló ń sún wọn. Ẹni tó bá ṣíwájú nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń kó ọ̀wọ́ sínú kòtò tirẹ̀.

Mú L lọ sí 2048, kí k kékeré jùlọ di 0.003. Fẹ ọ̀wọ́: σ_b = 2, v_b = 10, η = 0.002, kí γ má tóbi. Gbin irúgbìn sí gbogbo ìgbì láti k = 0.08 dé 0.2, ìgbì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìbẹ̀rẹ̀ tí kèké yàn fún un. Má fún gbogbo wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ kan náà, wọ́n á kó jọ sójú kan nínú àpótí bí òkìtì, wàá sì rò pé nǹkan tuntun lo rí. Lẹ́yìn ìyẹn, ya f(v) tí o ti ṣe àròpin rẹ̀ lórí gbogbo x. Ìyẹn ló máa tẹ́.

Ti Sturrock kò ní hàn nínú àpótí tó yí po, bó ti wù kó gùn tó. Ohun tó gba ọ̀wọ́ oòrùn là ni pé iwájú rẹ̀ ń bí ìgbì, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń gba agbára yẹn padà nígbà tó bá dé ibi tí ìgbì náà ti wà nílẹ̀. Ọ̀wọ́ tó ní iwájú àti ẹ̀yìn ló lè ṣe bẹ́ẹ̀, tìrẹ kò sì ní ìkankan. Àpótí tó ṣí sílẹ̀, pẹ̀lú hóró tó ń wọlé lápá kan tó sì ń jáde lápá kejì, ni kí o kọ́ fún ìyẹn, Poisson rẹ kò sì ní lè lo FFT mọ́.